Ìrànlọ́wọ́ Òkèèrè àti Ètò Ìlera ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Ìpínlẹ̀ Kwara

Ìrànlọ́wọ́ òkèèrè fún ètò ìlera ni owó, oògùn, irinṣẹ́ àti ìmọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ mìíràn, àjọ àgbáyé tàbí ẹgbẹ́ aláàánú ń kó wá láti gbé ilé ìwòsàn ìjọba ró níbi tí agbára kò tíì ká a. Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní Kwara. Òmíràn wá láti gbógun ti àrùn kan ṣoṣo, òmíràn wá láti tún ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ṣe àti bí a ṣe ń sanwó rẹ̀. Irú méjèèjì ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ lọ́jọ́ tí olùrànlọ́wọ́ bá palẹ̀ mọ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ náà, àti ẹni tí yóò máa sanwó lọ lẹ́yìn rẹ̀, ti wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àrùn sòbìà, tí aràn inú omi ń fà, ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mu omi adágún tí ọmọ aràn yìí wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò wú, yóò máa ta á bí iná, aràn funfun gígùn yóò sì yọrí síta. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ká a mọ́ igi tín-ín-rín lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí pé bí ó bá já sínú, ọgbẹ́ náà yóò kẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, UNICEF, àjọ àgbáyé fún àwọn ọmọdé, gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àwọn abúlé ní Kwara. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìlọrin tẹ̀lé iṣẹ́ náà ní agbègbè Asa, wọ́n sì rí i pé sòbìà ń dínkù níbi tí kànga ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àjọ Carter Center, ka àwọn tó ní in jákèjádò Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Wọ́n pín asẹ́ aláṣọ, wọ́n da oògùn sínú omi, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé pé kí ẹni tí sòbìà rẹ̀ ti yọ má ṣe wọ odò. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn tó ń sanwó iṣẹ́ náà lè lọ sílé, nítorí àrùn náà ti tán.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í tán bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ di ojoojúmọ́ títí ayé, kì í sì í sábà dun ènìyàn débi tí yóò fi máa rántí lò ó. Ní 2006, ìjọba Nẹ́dálándì fi 100 mílíọ̀nù Yúrò sínú àpò kan tó ń jẹ́ Health Insurance Fund. Láti inú àpò yìí ni ètò adójútòfò ìlera ti bẹ̀rẹ̀ ní Shonga ní Kwara ní 2007, tó sì dé Afọ̀n ní 2009. Àjọ PharmAccess ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò Hygeia ló ń forúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀, ìjọba Kwara náà sì ń dá nínú owó rẹ̀. 300 náírà lọ́dún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san nígbà náà; àwọn onígbọ̀wọ́ ló ń san ìyókù. Wọ́n tún ilé ìwòsàn ṣe: kí oògùn má wọ́n lórí pẹpẹ, kí ìwé aláìsàn má sọnù, kí nọ́ọ̀sì mọ ohun tí yóò ṣe bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá 140 lórí 90.

Ibí ni ilẹ̀ Ìgbómìnà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn olùwádìí láti Amsterdam àti láti ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin yan Àjàṣẹ́-Ìpo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn tí Òmù-Àrán jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, láti fi wé Afọ̀n, torí pé ètò náà kò tíì dé Àjàṣẹ́. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn àgbàlagbà níhà méjèèjì ní 2009, wọ́n sì tún un wọ̀n ní 2011. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru 413 ni wọ́n rí tẹ̀lé dópin, 237 ní ìhà Afọ̀n, 176 ní Àjàṣẹ́. Nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ ní Afọ̀n, ó sì fi nǹkan bí 5 wálẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ká ní Afọ̀n nìkan ni wọ́n wọ̀n, gbogbo 10 yẹn ni wọn ì bá kà sí iṣẹ́ owó Nẹ́dálándì. Àjàṣẹ́ ló fi hàn pé ìdajì rẹ̀ ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ láìsí ètò kankan, bóyá torí pé ẹni tí a bá ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru yóò wá nǹkan ṣe sí i. Ìdajì tó kù kì í ṣe kékeré rárá: bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí kò sì padà sókè, yóò gba púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ̀rí tí àwọn ará Àjàṣẹ́ fi apá wọn sílẹ̀ fún yìí ti wọ ìwé ìmọ̀ ìṣègùn àgbáyé láti 2014, ó sì yẹ kí wọ́n máa gbọ́ ọ nílé pẹ̀lú.

Àwọn kan lè ní kò tọ́ láti wọn ẹ̀jẹ̀ ìlú kan kí a sì gbé ìwòsàn lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ètò tuntun kò lè dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò bá sì sí ìfiwéra, àfẹnusọ lásán ni àṣeyọrí yóò jẹ́. Síbẹ̀ gbèsè wà níbẹ̀: ìlú tí a fi ṣe òṣùwọ̀n ló yẹ kó wà lára àwọn tí ètò náà máa kọ́kọ́ kàn bí ó bá ti yege. Ẹlòmíràn lè sọ pé nǹkan bí 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní ìhà Afọ̀n ló forúkọ sílẹ̀, bí 300 náírà ti kéré tó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àti ẹni tó forúkọ sílẹ̀ àti ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n jọ kà nínú ìṣirò yẹn, ìyàtọ̀ náà sì hàn síbẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni pé owó òkèèrè ń sọ ìjọba di ọ̀lẹ. Ní 2016, nígbà tí owó Nẹ́dálándì dópin, ètò náà dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò dáwọ́ ríru dúró. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó fi òfin dá àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀. Mi ò rí ọ̀lẹ nínú èyí, torí pé Kwara ti ń dá owó sí i látilẹ̀ wá. Ohun tí mo rí ni àlàfo àárín ọjọ́ tí àpò kan gbẹ àti ọjọ́ tí òmíràn ṣí, àárín yẹn sì ni oògùn ti ń já mọ́ aláìsàn lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ ni ẹ̀bi ọ̀lẹ kàn jù: ní Àbújá ní 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí láti ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera, Nàìjíríà kò sì tíì dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kìíní 2025, Ilé Aṣòfin Nàìjíríà wá 200 mílíọ̀nù dọ́là kún ìṣúná ìlera ọdún náà. Ó hàn nígbà náà pé owó wà. Àfi ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lójijì kó tó jáde.

Òfin Ìlera ti 2014 ti la ọ̀nà tó sàn jù. Ó pàṣẹ pé kí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ sí ìlera alábọ́dé lọ́dọọdún, àwọn olùrànlọ́wọ́ òkèèrè sì lè fi tiwọn kún un. Apá kan owó yìí ń lọ tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn ní àwọn wọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sí ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ìgbìmọ̀ yìí ni ará ìlú lè lọ bá lónìí láti béèrè iye tó wọlé ní ìdá mẹ́rin ọdún tó kọjá, àti iye oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fi rà.