Àáró Nídìí Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àjọkọ́ láàrin Àwọn Tí Ń Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà ní Èkó

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ó ti lo ọdún tí ó lé ní ogún nídìí lítíréṣọ̀ Yorùbá ni ó dìde lónìí láti sọ ìtàn àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Èmi pàápàá kì bá tí dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí bí kì í bá ṣe ohun tí mo fi ojú mi rí ní Ìyànà Ìpájà ní ọjọ́ Sátidé kan.

Ẹni tí ó bá ti gba títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta mọ Ìyànà Ìpájà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìpájà ti ya kúrò lára títì ńlá, orúkọ ibẹ̀ kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ni ó wà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà, wọ́n ní àwọn ka èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, ibi tí èrò pọ̀ sí ni, ibi tí ènìyàn ń sùn sí tí ó sì ń jí lọ síṣẹ́ níbòmíràn. Ní òwúrọ̀, ojú àwọn èrò ọkọ̀ kọ sí Ìkẹjà, Òṣòdì àti Yábàá. Ní alẹ́, wọ́n á tún padà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní àdúgbò náà. Mo lọ gba kọ̀ǹpútà mi tí ó bá mi tún ṣe, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà síbì kan." Kíláàsì ilé-ìwé aládàáni kan ni a yà sí, wọ́n gbà á fún ọ̀sán náà. Nǹkan bí ogún ọ̀dọ́ ni ó wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sára ògiri kí gbogbo wọn lè rí i. Iṣẹ́ náà kò lọ, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹnì kan ní kí ó wo ìlà kejì; ẹlòmíràn ní irọ́ ni, ìlà kọkànlá ni àṣìṣe wà. Wọ́n jiyàn, wọ́n dán an wò, ó lọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá olùkọ́ wọn títí, n kò rí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá tún iṣẹ́ ṣe ni ó dìde, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn yòókù ní ohun mìíràn tí òun mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ túká, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi ara wọn: ọwọ́ ta ni ó kàn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀?

Ìbéèrè yẹn ni ó gbé mi dé iwájú yín, nítorí pé ìbéèrè àáró ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko mọ̀ pé àáró kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ni í ṣe é, àwọn tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lónìí wọ́n á wà ní oko tèmi, lọ́la wọ́n á wà ní oko tìrẹ, títí yóò fi yí ká. Ẹni tí ó bá jẹ tí kò san, ojú á tì í. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹnì kan ni ó ni iṣẹ́ ọ̀wẹ̀: ó fẹ́ kọ́lé, tàbí ó fẹ́ ṣán oko ńlá, ó ké sí àwọn ènìyàn, ó fọ̀nà rokà, ó filé pọntí fún wọn. Bí iṣẹ́ bá parí, olóko ni ó ni ìkórè. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń wí ń ṣe àáró, wọ́n sì tún ń lọ sí ọ̀wẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń mọ èyí tí àwọn wà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yanjú èsì ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ọwọ́ ìjọba, ilé-ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti yunifásítì ni ó mọ sí. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1978, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń gbé ní Ìpájà kò rí ibi tí yóò ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ìta ni ìyípadà ti wá. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, tí ó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, ti ń di ọjà ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Computer Village. Láti Ìyànà Ìpájà, ibẹ̀ kò jìnnà. Níbẹ̀ ni ọmọṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá: ó ń gbálẹ̀, ó ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, ó ń tò ó padà, títí ọ̀gá yóò fi gbàdúrà fún un pé kí ó máa lọ dá dúró.

Ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ wa nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá kò bá mọ̀, ọmọṣẹ́ kò lè rí i kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kíkọ ètò kọ̀ǹpútà kò gba èyí, nítorí pé iṣẹ́ tí ń yí padà lọ́dọọdún ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ lọ́dún yìí lè di ẹni tí ń béèrè lẹ́mìíràn. Iṣẹ́ tí ipò ọ̀gá kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, àáró ni ó bá a mu. Àwọn ará ibòmíràn náà ti rí èyí. Ní 1983, Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà pé òun yóò kọ ètò tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè pín fún ẹlòmíràn. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, Linus Torvalds, gbé èyí tí òun náà ń kọ sí gbangba pé kí àwọn ènìyàn wá bá òun wò ó. Láti 2008 ni GitHub sì ti wà, níbi tí ọmọ Ìyànà Ìpájà lè ti ka iṣẹ́ ẹni tí ó wà ní Jámánì, kí ó tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀, kí onítọ̀hún sì dúpẹ́.

Ní Èkó, Yábàá ni àáró yìí ti rí òrùlé. Bosun Tijani àti Femi Longe dá Co-Creation Hub sílẹ̀ ní 2010. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ ní àga, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo àga àti iná. Ẹni tí kò ní wọn nílé kò lè jókòó ti ìṣòro kan fún wákàtí mẹ́fà. Andela tẹ̀lé e ní 2014. Ní oṣù Ògọ́sítì 2016, Mark Zuckerberg wá fi ojú ara rẹ̀ rí Yábàá. Ní ọdún 2016 kan náà ni Ada Nduka Oyom dá She Code Africa sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ní 2018, òun àti Samson Goddy dá Open Source Community Africa sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àjọ̀dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Fẹ́búárì 2020, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí àrùn Kòrónà tó sé gbogbo wa mọ́lé. Ní 2023, Tijani di mínísítà.

Bí okìkí ti ń kàn ni ọ̀wẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ kan á ké sí àwọn ọ̀dọ́ fún ọjọ́ méjì, oúnjẹ á wà, ẹ̀wù á wà, wọn yóò sì fi ìdíje ẹ̀bùn owó sí i. N kò ní kí wọ́n má lọ. Ọmọdé tí ebi ń pa kò níí kọ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ pé oko ta ni òun ń ro. Ohun mìíràn tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ àwọn yòókù ti ré òkun kọjá. Ẹni tí ó bá ṣí lọ kí àáró tó yí kàn án ti ba ètò jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ní ẹnì kan tí ó wà ní Kánádà ṣì ń dáhùn ìbéèrè àwọn lóru. Mo gbà fún un. Síbẹ̀, ẹni tí ń dáhùn lóru kò sí nínú kíláàsì ní ọ̀sán Sátidé.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ èdè. Nígbà tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ mi fún oyè ọ̀mọ̀wé, táípúráítà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, bíró ni mo sì fi ń fi àmì ohùn sí i, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Mo rò pé kọ̀ǹpútà yóò gbà mí. Àròkọ mi àkọ́kọ́ tí ilé ìtẹ̀wé kan fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, gbogbo ibi tí ó yẹ kí n ti rí ẹ́ àti ọ̀ ni ó di àpótí òfìfo. Mo bínú sí òṣìṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Àtẹ àmì tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1963, ASCII, ààyè 128 péré ni ó ní, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Unicode, tí ó jáde ní 1991, ni ó wá ń wá ààyè fún gbogbo èdè ayé. Ẹ ó rí ẹ àti ọ nínú rẹ̀ lódidi, ṣùgbọ́n èdè Vietnam ń lo àwọn náà, níbi tí àmì ìsàlẹ̀ ti jẹ́ àmì ohùn. Lẹ́tà kan kì í ru àmì ohùn méjì lọ́dọ̀ tiwọn, nítorí náà ẹ́ àti ọ̀ odidi kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti mú lẹ́tà, kí ó mú àmì, kí ó tò wọ́n pọ̀. Ó sì lè tò wọ́n lọ́nà méjì, tí ọ̀rọ̀ kan náà tí ojú rí bákan náà yóò fi di ọ̀rọ̀ méjì lójú ẹ̀rọ. Èkó ni wọ́n ti ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ wa ní 1875. Ní 1974 a tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n ń pín ààyè nínú kọ̀ǹpútà, ṣé a wà níbẹ̀?

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà, oníṣẹ́ àáró ni púpọ̀ nínú wọn. Ní Ìbàdàn, Tunde Adegbola ti ń fi ọdún púpọ̀ wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbọ́ èdè wa. Ní 2015, Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ń kọ ètò bá a ṣe é, wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ sí gbangba. Ní 2018, Iroro Orife tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì ohùn padà sára ọ̀rọ̀ tí a kọ láìní àmì. Ní 2019 ni Masakhane bẹ̀rẹ̀, orúkọ tí ó jọ "ẹ jẹ́ kí á jọ kọ́ ọ" ní èdè Zulu: àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú púpọ̀ ní Áfíríkà ń kọ́ ara wọn bí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ìtumọ̀. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, orúkọ àwọn tí ó kọ ọ́ lé ní ogójì. Èmi tí mo ti ń jà pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ mi lórí orúkọ ta ni yóò ṣáájú nínú àròkọ ènìyàn méjì, mo ka orúkọ wọn tán, mo dákẹ́.

Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ dáadáa lọ. Púpọ̀ nínú èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kò lè kọ́ ohun tí kò rí. A ti ń fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rọ tí ó bá rí "oko" lásán kò lè mọ èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Àwa ni a ni ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì. Oríkì, ìjálá, ìtàn àròsọ, àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ewì tí a fi ọwọ́ dà kọ láti inú téèpù, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí wa, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń ro oko wa láti ọjọ́ yìí, àwa kò tíì gbé ọkọ́ jáde.

Ní Sátidé kejì, mo tún lọ sí kíláàsì náà. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí ọwọ́ kàn, gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo sọ̀rọ̀ lórí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ fún wákàtí kan, mo sì fún wọn ní àkójọ oríkì tí èmi fúnra mi fi àmì sí. Ọmọkùnrin kan gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó díẹ̀, ó nàwọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà méjì ní ojú ìwé kan ṣoṣo?" Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo ní kí ó fún mi di Sátidé tí ń bọ̀.