Wọ́n Fi Abẹ Ṣe É, Àwa Ń Fi Ẹnu Ṣe É

Ìtàn àwọn baba wa ní ọjọ́ tí Ọbàtálá mu ẹmu yó ló mọ abuké, arọ àti àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní òun ni yóò máa dáàbò bò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Orúkọ ńlá! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí obìnrin arọ kan lóyún ládùúgbò, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ta ni ìkà tó ṣe é?" Àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń nífẹ̀ẹ́. Bí ọkùnrin arọ bá ní òun fẹ́ gbéyàwó ńkọ́? Àwọn àna á ní kó má lọ bí irú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu àna yìí ti dòfin rí níbòmíràn. Ní oṣù Keje ọdún 1933, ìjọba Hitler ní Jámánì ṣòfin pé kí wọ́n fi abẹ gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ àwọn tó jogún ìfọ́jú, etí dídi tàbí àbùkù ara tó le, àtàwọn tó ní àrùn ọpọlọ. Nǹkan bí 400,000 èèyàn ló kàn.

Japan ṣe tiẹ̀ ní 1948, ó sì kan àwọn adẹ́tẹ̀. Kódà láti 1915, ní ọgbà àwọn adẹ́tẹ̀ kan nítòsí Tokyo, ọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n la òun lábẹ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àrùn àjogúnbá o! Ọdún 1996 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà, lẹ́yìn tó ti kan nǹkan bí 25,000 èèyàn. Oṣù Keje 2024 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn tó sọ pé ó lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ti kú láìgbọ́ ìdájọ́ yẹn.

Nàìjíríà ò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 2007, a fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí abala 23 rẹ̀ fún aláàbọ̀ ara lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ́kọ tàbí láya, kí wọ́n sì bímọ. Ní 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tiwa fúnra wa. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá èèyàn tọrọ ìyàwó.

Nínú ọgbà wa níbí, a máa ń fa afọ́jú lọ́wọ́ sọdá títì. Ta ló wá lè gbà á létí pé afọ́jú náà ń wo ẹnì kan lọ́kàn, pé ara ń fẹ́ ara? Òrìṣà tó mọ ojú tí ò ríran náà ló mọ ara tó ń fẹ́ ìfọwọ́kàn. Ẹ má fi ẹnu gba ohun tí Ọbàtálá ò fi ọtí gbà.