Àjọ Ìdáàbòbò Ilẹ̀ àti Onílẹ̀
Kí ilé má baà gba ilẹ̀ oko tán ní agbègbè Marin, California, Phyllis Faber, onímọ̀ nípa ewéko, àti Ellen Straus, tó ń sin màlúù oníwàrà, dá Marin Agricultural Land Trust sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ẹ̀tọ́ àtikọ́lé rẹpẹtẹ ni àjọ náà ń rà lọ́wọ́ onílẹ̀ tó bá fẹ́; ilẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, màlúù rẹ̀ ṣì ń jẹko níbẹ̀, àdéhùn náà sì de ẹnikẹ́ni tó bá rà á lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn kan ní kò tọ́ kí bàbá fi àdéhùn de ọmọ tí a kò tí ì bí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàbá bá tà pátápátá fún àwọn akọ́létà ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà nìyẹn. Àdéhùn yìí sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.