Ìkànìyàn Wo Ni A Lè Gbára Lé?

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò mọ iye ọmọ rẹ̀ kò lè mọ iye ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ iye ibùsùn tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ìwòsàn. Nítorí èyí ni ìjọba fi ń ka ènìyàn. Ohun tí ó ṣòro ni pé ìkànìyàn tí a ti ṣe ní ilẹ̀ wa pọ̀, wọn kò sì ṣeé gbára lé bákan náà. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a bèèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí a tó gbà á gbọ́.

Èkíní ni pé: àwọn wo ni a kà, kí ni a sì bi wọ́n? Nínú Ìwé Númérì, iye tí Mósè kà ní aginjù Sínáì jẹ́ 603,550. Ẹni tí ó bá pe èyí ní iye gbogbo Ísírẹ́lì ti ṣìnà, nítorí ọkùnrin tí ó ti pé ọmọ ogún ọdún, tí ó lè jáde lọ sí ogun, nìkan ni a kà. A kò ka obìnrin, a kò ka ọmọdé, a kò sì ka ẹ̀yà Léfì mọ́ wọn. Bákan náà ni a máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí pé ìkànìyàn 2006 fi iye àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1991 àti ní 2006, a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Nínú àwọn ìkànìyàn tí a tẹ́wọ́ gbà, ti 1963 ni ó bèèrè ẹ̀sìn kẹ́yìn.

Èkejì ni pé: níbo ni ààlà wà? Ní 1901, a ka 41,847 ènìyàn ní ìlú Èkó. Ní 1911, a ka 73,766. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó yóò rò pé ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́wàá. Òótọ́ ni pé òwò àti ojú irin mú àlejò wá; ṣùgbọ́n ààlà ìlú tí a kà ní 1911 fẹ̀ ju ti 1901 lọ púpọ̀, títí dé òdìkejì ọ̀sà. A sọ àwọn kan di ará ìlú láìjẹ́ pé wọ́n gbé ẹrù wọn kúrò nílé.

Ẹ̀kẹta ni pé: kí ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù, kí ni wọ́n sì ń retí? Ní 1929, àwọn obìnrin ìhà ìlà oòrùn dìde sí ìjọba, nítorí kíkà tí a fẹ́ kà wọ́n mú kí wọ́n gbà pé owó orí ni yóò tẹ̀lé e. Ní 1941, ogun kò jẹ́ kí a ka ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a tún kà ní 1952 sí 1953, iye gbogbo Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 30.4, ṣùgbọ́n ẹ̀rù owó orí kò tíì kúrò lọ́kàn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì fi ara pamọ́. Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀rọ̀ yí padà. Iye ènìyàn ni a fi ń pín ìjókòó ní ilé aṣòfin. Nítorí náà, àwọn tí ń sá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún iye ara wọn. A kọ ìkànìyàn 1962 sílẹ̀ nítorí aáwọ̀. Ti 1963 sì fi mílíọ̀nù 55.66 hàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá fi 1953 wé 1963, a rí àfikún bí ènìyàn mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ọmọ bíbí nìkan kò lè mú irú ìdàgbà bẹ́ẹ̀ wá. Bí a bá fi 1963 wé 1991, nígbà tí a ka 88,992,220, àfikún náà kò tó méjì lórí ọgọ́rùn-ún, bí ẹni pé àwọn ìyá wa ṣíwọ́ ọmọ bíbí lójijì. Ṣùgbọ́n bí a bá fo 1963 kọjá, tí a fi 1953 wé 1991, àfikún náà di mẹ́ta ó dín díẹ̀, èyí tí ó ṣeé gbà gbọ́. Kì í ṣe pé ti 1953 kò ní àbùkù; ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a pín sí ọdún méjìdínlógójì kò lè tan ni jẹ tó èyí tí a pín sí mẹ́wàá.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé eré àwọn onímọ̀ ìṣirò ni èyí. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432. Iye tí ó wá ju èyí tí àwọn aláṣẹ ti fọkàn sí lọ. Yàrá kún àkúnya. A sì ní láti fi ọ̀pọ̀ ọmọ lé ọwọ́ olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò já bọ́ láti ọ̀run. Inú ilé wa ni wọ́n ti wà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe mú iye tí ó dùn mọ́ yín. Ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kí ó lọ sí 1963 pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹni tí ń wá ìdàgbà ìlú, kí ó yan ọdún méjì tí ó jìnnà sí ara wọn, lórí ilẹ̀ kan náà. Kí ó sì rántí pé ìfojúdíwọ̀n ni àwọn iye orílẹ̀-èdè tí a ti gbé jáde lẹ́yìn ti 2006, wọn kì í ṣe kíkà. Bí akànìyàn bá sì tún kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má ṣe fi ẹnìkan pamọ́, ẹ má sì ṣe fi ẹnìkan kún un, nítorí iye tí ẹ bá sọ ni a ó fi pín àga àti olùkọ́ fún àwọn ọmọ yín.