Nígbà tí owó di nọ́ńbà: ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ nípa transfer, POS àti káàdì

Ẹ wọ ọjà èyíkéyìí lóde òní, ì báà ṣe Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí Mile 12 l'Ékòó, ẹ ó rí páálí níwájú ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́wàá sí gàdàgbà, tí orúkọ báǹkì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Aláta ní in, ẹlẹ́ja ní in, ọlọ́kadà náà ti há tirẹ̀ sórí. Kò tíì pẹ́ rárá tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹlẹ́fọ̀ọ́, wọ́n á ní ó fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yìí jọ sójú kan kí ẹ lè máa padà wá wò ó: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, iye tí wọ́n ń yọ, àti ibi tí ewu wà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé eléyìí: alert kì í ṣe owó. Èyí tó bá ti wọ àkáǹtì yín nìkan ni owó.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ọdún 2011 ni ìpìlẹ̀ ohun tí à ń lò lónìí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, bó ṣe wu báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ń to nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀. CBN, ìyẹn báǹkì àgbà ilẹ̀ wa, wá pàṣẹ pé nọ́ńbà mẹ́wàá ni kí gbogbo wọn máa lò, èyí tí wọ́n ń pè ní NUBAN. Lọ́dún yẹn kan náà ni NIBSS, ilé iṣẹ́ tí CBN àti àwọn báǹkì jọ ni láti 1993, gbé ètò NIP jáde. NIP yìí ló jẹ́ kí owó máa kúrò ní báǹkì kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí pé ẹni tí wọ́n bá fún ní ṣẹ́ẹ̀kì nígbà náà, ó máa dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rí owó rẹ̀ gbà.

Oṣù kìíní 2012 ni CBN bẹ̀rẹ̀ ètò tó fẹ́ fi dín owó bébà kù, Èkó ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Nígbà tó di oṣù keje 2013, wọ́n gbé e dé ìpínlẹ̀ Ògùn, Àbújá àti àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Oṣù kejì 2014 ni BVN dé, nọ́ńbà mọ́kànlá tí wọ́n so mọ́ ìka ọwọ́ àti fọ́tò oníkálukú, kó lè jẹ́ pé báǹkì mẹ́wàá tí èèyàn bá ń lò, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n á mọ̀ ọ́n sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló gbé e wọ àdúgbò wa o, àwọn oníPOS ni. Ní 2013 ni CBN fi ìlànà lélẹ̀ pé báǹkì lè ní aṣojú tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi OPay, Moniepoint àti PalmPay kó ẹ̀rọ wọn wọ ìgboro, ẹnikẹ́ni tó bá ní agboòrùn, tábìlì àti owó díẹ̀ lọ́wọ́ lè di báǹkì àdúgbò. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé owó bébà ni ọ̀pọ̀ wa ń wá lọ sọ́dọ̀ oníPOS. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó lé owó bébà lọ ni a fi ń wá owó bébà.

Oṣù kejì 2023

Kò sí bí mo ṣe máa sọ ìtàn yìí tí mi ò ní dé orí ọ̀wọ́n gógó owó náírà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà kéde pé àwọn máa pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Owó tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, wọ́n sì ní ti àtijọ́ ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023. Wọ́n sún un di ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, síbẹ̀ owó tuntun ò káríkárí.

Gbogbo wa la rí ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn ń sùn síwájú ATM. Àwọn oníPOS kan ń gba 2,000 náírà lórí 10,000. Ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀ n'Ìbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sì dáná sun báǹkì ní Ṣágámù. Ẹni tó ní òun á ṣe transfer, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́, nítorí gbogbo ìlú ló ya bo ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ti kọ́ ní transfer nínú oṣù yẹn ò padà sẹ́yìn mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni páálí nọ́ńbà àkáǹtì kún ọjà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́?

Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì ẹnì kan, báǹkì yín á béèrè orúkọ onítọ̀hún lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀ nípasẹ̀ NIBSS. Òun lẹ ṣe ń rí orúkọ kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa kà á dáadáa, torí owó tó bá ti wọ àkáǹtì ẹlòmíì, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Bí ẹ bá tẹ PIN, báǹkì yín á yọ owó, á ránṣẹ́ sí báǹkì kejì pé kó fi kún ti onítọ̀hún, á sì máa retí èsì. Bí èsì yẹn bá há sójú ọ̀nà, wọ́n á ti yọ owó yín, ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ò sì ní tíì rí i. Ìyẹn là ń pè ní owó tó há.

Alert ní tirẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni. Ó lè pẹ́ ju owó lọ, ó lè má dé rárá, ó sì lè dé láìsí owó kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Káàdì tí wọ́n kàn ń fi kan ẹ̀rọ

Ẹ yẹ káàdì yín wò. Bí ẹ bá rí àmì ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ kọrọdọ lára rẹ̀, ẹ lè fi kan ẹ̀rọ POS tó bá gbà á láìkì í bọ inú rẹ̀. Ìlànà tí CBN gbé jáde ní oṣù kẹfà 2023 ni pé èyí tí wọn ò ní béèrè PIN lé lórí ò gbọdọ̀ ju 15,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, àti 50,000 lóòjọ́. Nítorí náà, bí káàdì yẹn bá sọnù, ẹ pe báǹkì kí wọ́n dí i lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ èyí tipẹ́. Ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú 10 pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan, ó di 100 ní oṣù kẹwàá 2021, bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ò sì gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́ láti oṣù keje 2014. Èkó náà ní tirẹ̀: káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ BRT àti ọkọ̀ ojú irin. Owó ẹyọ àwọn baba wa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Iye tí wọ́n ń yọ

- Transfer, gẹ́gẹ́ bí ìlànà CBN ti 2020: 10 náírà lórí owó tí ò ju 5,000 lọ, 25 náírà títí dé 50,000, 50 náírà bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi díẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́.
- Owó ìjọba: 50 náírà lórí transfer tó bá tó 10,000 sókè.
- Kóòdù orí fóònù, ìyẹn USSD: 6 náírà 98 kọ́bọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.
- ATM báǹkì mìíràn, láti oṣù kẹta 2025: 100 náírà lórí 20,000. Èyí tí ò sí nínú ọgbà báǹkì lè ní àlékún.
- Owó oníPOS: ẹ béèrè kí ẹ tó na káàdì.

Ayédèrú alert

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn oníṣòwò wa jù. Gbájúẹ̀ á kó ọjà, á tẹ fóònù, á ní “Mọ́mì, mo ti san án o, ẹ wò ó.” Rìsíìtì á hàn lójú fóònù rẹ̀, alert náà lè wọlé sórí tiyín tòun ti orúkọ báǹkì. Àwọn ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà fi orúkọ tó bá wù ú sórí àtẹ̀jíṣẹ́, rìsíìtì sì ṣe é yà bí àwòrán. Ẹni tó ń jẹ èrè 500 náírà lórí ọjà 20,000, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá ṣe é, èrè ogójì ọjà ti lọ nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ò pọ̀. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín, lórí áàpù tàbí USSD, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Ẹ ya àkáǹtì ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé, kó lè rọrùn láti mọ èyí tó wọlé. Bí oníbàárà bá ń kánjú, kó lọ kó padà wá, ọjà á máa dúró dè é. Ẹ má sì sọ PIN yín fún ẹnikẹ́ni, kódà kó ní báǹkì lòún ti ń pè.

Bí owó bá há

Ẹ má sáré fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, pàápàá nọ́ńbà gígùn tí wọ́n pè ní Session ID, òun ni báǹkì máa fi tọpa rẹ̀. Lábẹ́ àṣẹ CBN ti 2020, owó tí ATM báǹkì mìíràn ò san ò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ kí wọ́n tó dá a padà, ti POS ò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Báǹkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, CBN ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Èmi ò ní kí ẹ pa owó bébà tì o. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dákú, 2023 sì ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ máa ní díẹ̀ nílé. Bí ìyá yín bá wà lọ́jà tí kò lè ka èyí, ẹ kà á fún un, kí ẹ sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀.