Ọkọ̀ Oko Tó Di Ẹṣin Asáré

Ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré, báyìí ni àwọn baba wa wí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan mọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ilé-iṣẹ́ ńlá ló máa ń wà níwájú, pé ohun tí wọ́n bá ṣe náà ni a ó máa rà. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn píkọ́ọ̀pù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹ̀kúnnù ti jẹ́ ẹṣin iwájú, tí ilé-iṣẹ́ ń sáré tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ọdún 1908 ni Henry Ford gbé Model T jáde. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 20 lọ, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ àgbẹ̀ fi tó o. Àgbẹ̀ kò sì ra mọ́tò torí fàájì nìkan. Ó fẹ́ fi kó àgbàdo, ẹyin àti wàrà lọ sọ́jà. Kí ló wá ṣe? Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn dànù, ó kan àpótí pákó síbẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, wọn a fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ayùn kí ẹ́ńjìnnì lè máa bá wọn la igi.

Odidi ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá kí Ford tó fi àpótí ẹ̀yìn sí Model T fúnra rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 1925 ni ọkọ̀ náà dé ọjà, dọ́là 281 ni wọ́n ń tà á, èyí tí wọ́n sì tà lọ́dún àkọ́kọ́ lé ní 30,000. Ohun tí àgbẹ̀ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìnkùlé ni wọ́n wá ń tà fún un. Ẹni tó bá mọ bọ́lẹ̀kájà ayé ọjọ́un kò ní yanu sí èyí. Ẹ́ńjìnnì àti ṣásí Bedford ló ń ti ìlú òyìnbó wá. Káfíńtà tiwa ló ń fi pákó kọ́lé lé e lórí.

Ìgbà tó di ọdún 1932, Ford tún ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó gbé ẹ́ńjìnnì V8 jáde, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 65, ó sì ta ọkọ̀ náà ní iye tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà. Ṣáájú ìgbà yẹn, olówó ló ń gun V8. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, tí wọ́n ń dé ibi ìkódànùsí, àwọn ọ̀dọ́ ìhà gúúsù California ń fi owó táṣẹ́rẹ́ rà wọ́n. Wọ́n á tú mọ́dígáàdì dànù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó di Muroc. Adágún tó ti gbẹ ni Muroc, nínú aṣálẹ̀ Mojave. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń díje ta ló yá jù. Ọdún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA sílẹ̀ kí ìdíje náà lè ní òfin.

Ogun àgbáyé kejì parí lọ́dún 1945. Àwọn ọmọ ogun padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́: ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń jó irin, ẹni tó ti tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Gáréèjì ilé di wọ́kiṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, Robert Petersen bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Hot Rod, ẹni tó wà ní abúlé jíjìnnà sì lè kà nípa ohun tí àwọn ará California ń ṣe.

Ọdún 1948 yẹn náà ni Ford gbé píkọ́ọ̀pù F-1 jáde. F-100 tẹ̀lé e lọ́dún 1953. Lọ́dún 1955, Chevrolet mú V8 kékeré tirẹ̀ wá, ó fúyẹ́, ó lágbára, ó sì rọrùn láti rí pààtì rẹ̀. Bí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe pàdé ẹ́ńjìnnì tuntun nìyẹn. Ẹ bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ píkọ́ọ̀pù? Ó pọ́ọ́kú. Irin gígùn méjì tó nípọn ló gbé e ró. Ilé dírẹ́bà rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ṣásí, nọ́ọ̀tì àti bọ́ọ̀tì ló dè é. Ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbé e kúrò. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì láàyè.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń gbiná nìyí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún kíkó irè oko, tó ń rọra lọ, wọ́n wá gbé ẹ́ńjìnnì ẹṣin 200, 300 sínú rẹ̀. Bíréèkì ńkọ́? Bíréèkì onídírọ́ọ̀mù àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí dírọ́ọ̀mù bá gbóná jù, kì í mú mọ́. Páìpù epo bíréèkì gbogbo ẹsẹ̀ sì ń ti ojú kan ṣoṣo wá: bí ọ̀kan bá jò, gbogbo rẹ̀ lọ, dírẹ́bà á tẹ pẹ́dà kan ilẹ̀ lásán. Ẹ sì rántí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ bíréèkì ò di ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ló dà. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí kò rẹrù tún fúyẹ́. Bí táyà ẹ̀yìn bá há lójijì, ọkọ̀ á yí bìrí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà gan-an ni táńkì epo wà. Ẹni tó bá kọlu nǹkan, pẹtiróòlù ló fi ṣe ìrọ̀rí yẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọlọ́gbọ́n nínú wọn kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì. Á gbé ilé dírẹ́bà kúrò, á ha ìpẹtà dànù, á wo ṣásí bóyá ó sán. Lẹ́yìn náà ló kan bíréèkì: dísìkì níwájú, àti àgbá epo bíréèkì olójú méjì, kí iwájú lè mú bí ẹ̀yìn bá jò. Ọ̀pọ̀ ń yọ irin iwájú àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi ti Mustang II àwọn ọdún 1974 sí 1978 rọ́pò rẹ̀, kí sítíárìn má baà máa gbọ̀n. Wọ́n á gbé táńkì lọ sábẹ́ àpótí ẹ̀yìn, wọ́n á de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Iṣẹ́ ọdún mélòó kan ni fún ẹni tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé nìkan ló ní.

Ọ̀rọ̀ ìjàǹbá yìí náà ló bí ẹgbẹ́ NHRA. Àwọn ọ̀dọ́ ń díje lójú títì láàárín ìlú, ẹ̀mí ń ṣòfò, ọlọ́pàá ń lé wọn, àwọn aráàlú ń pè wọ́n ní jàǹdùkú. Wally Parks kò sọ pé kí wọ́n má sáré mọ́. Lọ́dún 1951 ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n kúrò lójú títì, kí wọ́n wá sí pápá, níbi tí a ó ti yẹ ọkọ̀ wò kó tó gbéra. Ọdún 1953 ni ìdíje àkọ́kọ́ wọn wáyé ní Pomona ní California. Ẹ ò rí i pé òfin kò pa eré náà. Òun ló jẹ́ kó dàgbà.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ tún sáré tẹ̀lé mẹ̀kúnnù lẹ́ẹ̀kejì. Dodge gbé Li'l Red Express jáde lọ́dún 1978, píkọ́ọ̀pù pupa tí páìpù èéfín rẹ̀ nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé dírẹ́bà. GMC mú Syclone wá lọ́dún 1991, agbára ẹṣin 280. Ford tẹ̀lé e pẹ̀lú Lightning lọ́dún 1993. Ohun tí àwọn ọmọ gáréèjì ti ń ṣe láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn.

Àwa náà kò ṣàìmọ irú iṣẹ́ yìí. Lójoojúmọ́ ni mẹkáníìkì wa ń gbé ẹ́ńjìnnì tokunbọ̀ sínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ náà á sì gbéra. Ọgbọ́n ọwọ́ wà, a ò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú àwọn ará California fi ọ̀pọ̀ ẹ̀mí kọ́ nìyí: bí ẹ́ńjìnnì bá jọ ọ́ lójú, kọ́kọ́ yẹ bíréèkì wò. Mímú ọkọ̀ sáré kò ju iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ. Mímú un dúró ni iṣẹ́ ọ̀gá.