Jimmy Carter: Ìwà Kan Náà, Lórí Oyè àti Lẹ́yìn Oyè

Kí sòbìà tó degbò, Olúgàǹbe là á ké sí: báyìí ni àwọn àgbà wa, tí wọ́n mọ oró àrùn náà lára, ti máa ń wí, n kò sì rí òwe tí ó yẹ jù ú lọ láti fi ṣí ọ̀rọ̀ Jimmy Carter, ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́pà ará Plains ní Georgia, tí ó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1977 sí 1981, tí ó sì papò dà ní 2024 lẹ́yìn tí ó pé ọmọ 100 ọdún.

Àwọn kan a máa pín ayé rẹ̀ sí méjì: wọ́n ní kò mọ ìjọba í ṣe, pé ẹ̀yìn oyè ni ó tó di ènìyàn pàtàkì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwà kan náà, sùúrù tí í tú ọ̀ràn wò fín-ín-fín-ín, ni ó gbé e ga, òun náà ni ó sì bì í ṣubú.

Ní oṣù kẹsàn-án 1978, ó kó Sadat ti Íjíbítì àti Begin ti Ísírẹ́lì jọ sí Camp David fún ọjọ́ 13 láti wá àlàáfíà. Nígbà tí Begin ti ń múra àtilọ, Carter kó àwòrán wá bá a, èyí tí ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ Begin sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá àgbà náà ti ń ka orúkọ wọn, omi lé ròrò sí i lójú, wọ́n sì tún jókòó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n há ará Amẹ́ríkà 52 mọ́ ní Tehran fún ọjọ́ 444, sùúrù yìí kan náà ni àwọn olùdìbò pè ní ojo; ìgbà tí ó sì fi agbára gbìyànjú láti gbà wọ́n sílẹ̀, ní oṣù kẹrin 1980, ọmọ ogun 8 ni ó kú sí aṣálẹ̀. Wọ́n dìbò fún Reagan, ó sì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Sùúrù náà kò fi í sílẹ̀ lẹ́yìn oyè: ní 1986, nígbà tí sòbìà ń ṣe nǹkan bí 3,500,000 ènìyàn, ilé-iṣẹ́ Carter Center, tí òun àti Rosalynn aya rẹ̀ dá sílẹ̀, gbógun tì í. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn tí í pa á: ara igi tín-ín-rín ni a ń ká aràn sòbìà mọ́, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bí a bá fà á tipátipá, yóò já sínú ẹran ara. Aṣọ ni a fi ń sẹ́ omi odò mu. Ẹni tí ó ní egbò kò sì gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ odò. Nàìjíríà, tí ó ti gba Carter lálejò ní Èkó ní 1978, gba ìwé-ẹ̀rí òmìnira lọ́wọ́ sòbìà ní 2013. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni ó ní in ní gbogbo ayé.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọwọ́ tí ó kọ orúkọ ọmọ-ọmọ Begin lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń ka àwọn alárùn sòbìà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti abúlé dé abúlé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá ẹjọ́ ìjọba rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ iṣẹ́ ẹ̀yìn oyè rẹ̀ kúrò lára ti orí oyè.